Ta Ló Ń Ṣòfin fún Lẹ́tà Wa?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Àyájọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé

Gbogbo wa la mọ ìtàn ọjọ́ òní. Ní 1952, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Dhaka nítorí pé wọ́n ní dandan ni kí èdè Bengali wà lára èdè ìjọba. Ní 1999, UNESCO sọ ọjọ́ náà, ọjọ́ 21 oṣù kejì, di ọjọ́ èdè abínibí. Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ èdè kò kan ọ̀rọ̀ òfin, kó lọ bi àwọn ará Dhaka.

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kí ìjọba máa ṣòfin fún íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí oríkì. Òfin íntánẹ́ẹ̀tì ni ohunkóhun tó bá ń pinnu ohun tí a lè ṣe níbẹ̀ àti ohun tí a kò lè ṣe, ìbáà jẹ́ ilé aṣòfin ló ṣe é, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ló kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Windows, macOS, Linux, Android àti iOS ni àwọn ètò tó ń darí ẹ̀rọ tí a fi ń wọ ibẹ̀. Lawrence Lessig, onímọ̀ òfin ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé ní 1999 láti fi hàn pé ohun tí a kọ sínú ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bí òfin. Ẹni tó bá ń fẹ́ oríkì tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kà á.

Orúkọ kan, ọ̀nà mẹ́jọ

Láti rí irú òfin inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú orúkọ odò kan tí gbogbo wa mọ̀: Ọ̀ṣun. Lẹ́tà mẹ́rin ni ojú wa ń rí. Kọ̀ǹpútà kì í rí lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń rí. Àjọ tó ń jẹ́ Unicode, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní California ní 1991, ló ń pín nọ́ńbà fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé. Wọ́n fún Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n fún ṣ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀, tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní àmì ohùn lórí, kò ní nọ́ńbà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Títò ni wọ́n ń tò ó.

Báwo ni a ṣe lè tò ó? A lè mú Ọ, ká fi àmì ohùn lé e lórí. A lè mú O lásán, ká fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, ká tó fi tòkè sí i. A lè mú Ò, tó ti ní nọ́ńbà tirẹ̀ nítorí àwọn èdè Yúróòpù tó ń lò ó, ká wá fi àmì sí i lábẹ́. A sì lè mú O lásán, ká fi tòkè sí i ná, ká tó fi ti abẹ́ sí i. Mẹ́rin nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni ṣ ní tirẹ̀ ní. Mẹ́rin lọ́nà méjì, mẹ́jọ. Ọ̀nà mẹ́jọ ni Ọ̀ṣun lè gbà wà nínú ẹ̀rọ, ojú kan náà sì ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní lórí bébà.

Ìlànà Unicode fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀kan náà ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó dára. Ta ló wá gbọ́ràn sí i lẹ́nu? Ibí yìí ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Windows ní ohun tí o bá tẹ̀ ni òun máa kọ sílẹ̀, nọ́ńbà tó bá sì yàtọ̀, orúkọ mìíràn ni. Bí Linux náà ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ibi. Mac ní tirẹ̀, láti 1998 tí Apple ti gbé ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì tí wọ́n ń pè ní HFS+ jáde, ń tú orúkọ fáìlì ká: bí o bá fi Ọ̀ṣun alábala márùn-ún (Ọ, àmì ohùn, ṣ, u, n) sílẹ̀, alábala méje (O, àmì abẹ́, àmì ohùn, s, àmì abẹ́, u, n) lo máa ń bá níbẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó di 2017, Apple pààrọ̀ ọ̀nà yẹn sí APFS. Lórí fóònù wọn lọ́dún náà, fún ìgbà díẹ̀, ọ̀nà tuntun yìí kò mọ̀ pé márùn-ún àti méje jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, àfi ìgbà tí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ má wò ó bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kó oríkì àwọn ìlú etí odò jọ sórí Mac, ó wá dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà Windows ti ẹ̀ka wa. Ó tẹ díẹ̀ lára wọn níbẹ̀, ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú fódà kan náà. Ọmọ náà wọ ọ́fíìsì mi pé, “Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó, fáìlì mi ti ń bí ìbejì.” Orúkọ méjì tó jọra délẹ̀ wà nínú fódà kan ṣoṣo. Ó ṣí ọ̀kan, iṣẹ́ oṣù tó kọjá ló bá níbẹ̀. Ó ṣí èkejì, ti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Ó tẹ orúkọ náà sínú àyè ìwádìí, ẹ̀rọ mú ọ̀kan wá, kò mú èkejì. Ta la fẹ́ pè lẹ́jọ́? Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ sí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kankan. Àwọn ilé iṣẹ́ méjì ni kò fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa ka àmì ohùn wa, kò sì sí ẹni tó bi wá léèrè.

Ìjà tí kò tíì parí

Mo ti mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ dá mi lóhùn lónìí, mo sì rí méjì nínú wọn ní ìlà iwájú. Ẹ jẹ́ ká tún ìjà lórí ohun tó yẹ ká ṣe sí àmì wa jà.

Àwọn àkọ́kọ́ ní kí á kúkú yọ àmì kúrò, ẹ̀rọ kò fẹ́ wàhálà. Ní 1875, ìpàdé kan jókòó ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ jáde. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí èyí tí à ń lò. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe, ẹ fẹ́ dà á nù nítorí pátákó ìtẹ̀wé? Ìwé ètò tí wọ́n há fún wa lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, orúkọ gbogbo wa ló wà níbẹ̀ láìní àmì kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ èdè abínibí! N kò bínú, ṣùgbọ́n mo rí i.

Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì àrà ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó mi á rántí. Ní àwọn ọdún 1990, atẹ̀wé ẹ̀ka wa ní fọ́ǹtì kan tó fi lẹ́tà Yorùbá pamọ́ sábẹ́ àwọn àmì tí kò sẹ́ni tó ń lò, irú àmì ìbéèrè adoríkodò tí àwọn ará Spain ń lò. Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ohun gbogbo ń dán. Lọ́jọ́ tí a gbé ìbéèrè ìdánwò lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní fọ́ǹtì náà, àmì ìbéèrè adoríkodò ló kún ojú ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, wọ́n ń dúró. A padà fi ọwọ́ kọ ìbéèrè sára pátákó. Títí di òní, àwọn ìwé tó ṣe iyebíye wà lórí àwọn dísìkì àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó ṣe fọ́ǹtì nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà.

Ẹ̀gbẹ́ kẹta ni mo bá jà jù, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Wọ́n ní kí á kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Unicode kí wọ́n fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe fún àwọn ará Vietnam. Òótọ́ ni pé Vietnam ní tirẹ̀. Kódà, nọ́ńbà ẹ àti ọ tí à ń lò lónìí, àárín àwọn lẹ́tà Vietnam ni wọ́n wà. Ẹrù wọn la bá wọn lò. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bí wọ́n ṣe rí i gbà. Ní 1992, àwọn ọmọ Vietnam tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ti fẹnu kò lórí ìlànà kan. Ní 1993, ìjọba wọn tẹ ìlànà ti ìjọba jáde. Ní 1993 yẹn, ọ̀rọ̀ ìdìbò June 12 ló gba gbogbo Nàìjíríà lọ́kàn, mi ò sì rí ẹ̀bi ẹnì kan níbẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ ti lọ. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 3.1 ti jáde ní 2001, Unicode ti ṣe é lófin pé lẹ́tà alámì tuntun tí wọ́n bá tilẹ̀ gbà wọlé, títú ni ẹ̀rọ á máa tú u ká padà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹ ń kọ, orí òkúta lẹ ń da omi sí. Ohun tó kù ni pé kí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà máa ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí ọ̀kan, ìyẹn sì ṣeé ṣe lónìí bí ẹnì kan bá fi dandan lé e. Mo ti ń sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi tó wà níwájú yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Owó orí tí kò sẹ́ni tó dìbò fún

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù. Àwọn tó ṣe ìlànà GSM ní Yúróòpù to lẹ́tà ìpìlẹ̀ kan kalẹ̀. Lẹ́tà à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Á, í, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ, ṣ kò sí rárá. Lẹ́tà 160 ló ń wọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Tí ẹ bá fi ẹ kan ṣoṣo sí i, gbogbo rẹ̀ yí padà, ó di 70, àmì ohùn tó wà lórí ẹ́ sì tún gba àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn tó jẹ́ lẹ́tà 150, bí ẹ bá kọ ọ́ láìní àmì, owó ọ̀kan lẹ máa san. Bí ẹ bá kọ ọ́ bí ó ṣe yẹ, owó mẹ́ta. Àjọ NCC ló ń bójú tó owó tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń gbà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ta ló ń bójú tó iye àtẹ̀jíṣẹ́ tí Yorùbá máa jẹ́?

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ìjọba kò lè pàṣẹ fún àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà. Ní 2004, Àjọ Yúróòpù ní kí Microsoft san ìtanràn mílíọ̀nù 497 euro. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé ó fi àlàyé tí ẹ̀rọ ẹlòmíràn nílò láti bá Windows sọ̀rọ̀ pamọ́. Nígbà tí 2007 ń parí, àwọn tó ń ṣe Samba, ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ kí Linux àti Windows pín fáìlì, rí ìwé àlàyé náà gbà. Ní 2013, ìtanràn mílíọ̀nù 561 euro tún tẹ̀ lé e, nítorí pé Microsoft ti ṣèlérí láti máa fi àyè yíyan aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì (browser) han àwọn tó ń lo Windows, tó sì yọ ọ́ kúrò nínú Windows 7 fún ohun tó lé ní ọdún kan. Láti oṣù kẹta 2024, òfin Yúróòpù tó ń jẹ́ Digital Markets Act ti ń de àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ tiwa

Alága ti fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sáré. Ní oṣù kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa; oṣù kìíní 2022 ni wọ́n ṣí i. Àwọn tó mọ ọ̀nà VPN ń lò ó lọ, nígbà tó sì di oṣù keje 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará wa wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lórí lílo ìkànnì àjọlò ní 2018, àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n fà á padà. Ní ọjọ́ ìdìbò ní 2019, wọ́n kúkú pa íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba wa mọ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Ti Cybercrimes Act 2015 àti àtúnṣe rẹ̀ ní 2024, mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀, kò sí àyè. Àṣẹ lórí ohun tí ẹnu ń sọ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin láti dáàbò bo èdè Yorùbá, mo kí wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin aṣòfin tó wà níbí, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń ra kọ̀ǹpútà fún ilé ìwé àti ọ́fíìsì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀rọ àti ètò tí kò bá lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, kó sì wá a rí lọ́nà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ kò ní rà á. Àwọn tó ń tajà á gbọ́ èyí kíá ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ má fi ẹ̀rọ ṣe àwáwí mọ́. Túndé Adégbọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ á ṣe máa lo Yorùbá tipẹ́. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún Mac àti Windows. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé tó wà lórí fóònù Android yín, ní Yorùbá nínú. Ẹ tan án kí ẹ tó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ẹ sì fi àmì sí orúkọ ara yín.