Ìtàn tí a ń sọ níbi iṣẹ́ ni ó ń darí iṣẹ́



Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìtàn. Kì í ṣe àlọ́ ìjàpá tí a ń pa fún àwọn ọmọdé ní alẹ́. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ fún ara wọn níbi iṣẹ́ ni.

Ká ní àwọn obìnrin kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa yan gàrí pọ̀. Wọ́n kọ òfin sínú ìwé. Òfin ní kí oníkálukú mú owó wá ní ọjọ́ ìpàdé. Obìnrin tuntun kan wọ ẹgbẹ́. Ta ni ó ka òfin fún un? Kò sí. Ẹni tí ó jókòó tì í níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ ni ó sọ fún un pé: «Akápò kan ti kó owó wa jẹ rí.» Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà ń fi owó rẹ̀ pamọ́ sí ilé. Akápò àtijọ́ ti lọ. Akápò tuntun ń ṣe òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn àtijọ́ ni ó ṣì ń ṣe alága ẹgbẹ́. Bí kò bá kúrò lórí àga, ẹgbẹ́ yóò tú.

Òfin wà nínú ìwé, ìtàn wà ní ẹnu. Èyí tí ó wà ní ẹnu ni ènìyàn kọ́kọ́ ń gbọ́. Òun ni ó ń kọ́ni ní ohun tí a ń ṣe níbí àti ohun tí a kì í ṣe.

Kì í ṣe ní abúlé nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà tí ń jẹ́ Xerox. Ó ń ṣe ẹ̀rọ fọ́tòkopí. Ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn tí ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ní ìwé ìlànà. Ọ̀mọ̀wé kan, Julian Orr, bá wọn rìn, ó ń wo bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1996. Kí ni ó rí? Ẹ̀rọ a máa bàjẹ́ lọ́nà tí ìwé ìlànà kò mẹ́nu kàn. Nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ a pàdé nídìí oúnjẹ. Ẹnì kan a sọ nípa ẹ̀rọ tí ó yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹlòmíràn a sọ bí irú rẹ̀ ti ṣe òun rí, àti ibi tí òun wò. Ẹni tí ó bá wò wọ́n láti òkèèrè yóò rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ìtàn tún lè yí iṣẹ́ padà. Stephen Denning ti ṣiṣẹ́ rí ní Báńkì Àgbáyé, ní Washington. Ní 1996, ó fẹ́ kí báńkì náà máa pín ìmọ̀, kí ó má ṣe yá àwọn orílẹ̀-èdè ní owó nìkan. Ó ya àwòrán, ó ṣàlàyé títí. Wọn kò gbọ́. Ó wá sọ ìtàn kúkúrú kan: ní oṣù kẹfà 1995, òṣìṣẹ́ ìlera kan ní ìlú kékeré kan ní Zambia ń wá bí a ti ń wo ibà. Ó wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí ìdáhùn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń gbógun ti àrùn. Báńkì Àgbáyé ní ìmọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà kò lè rí i lò. Ìtàn yìí wọ àwọn ènìyàn lára. Ní oṣù kẹwàá 1996, ààrẹ báńkì náà, James Wolfensohn, kéde pé báńkì yóò máa pín ìmọ̀. Ìtàn nìkan kọ́ ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ìtàn ni ó ṣí ilẹ̀kùn.

Kí ló fà á? Ẹni tí a bá ń pàṣẹ fún a máa wá àwíjàre. Ẹni tí a bá sọ ìtàn fún a máa bi ara rẹ̀ léèrè. Àwa ará Kétu mọ èyí. Ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀fẹ̀ a máa fi orin sọ ìwà tí ń ba ìlú jẹ́, tọmọdé tàgbà a sì gbọ́.

Kí ni kí ẹgbẹ́ yín ṣe?

Èkíní: kí ẹ tó yí òfin padà, ẹ tẹ́tí sí ìtàn tí ń lọ. Ẹ bi ẹni tuntun pé: «Kí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọ nípa wa?»

Èkejì: ẹ má ṣe bo ìtàn burúkú mọ́lẹ̀. Bí owó bá ti sọnù rí, ẹ sọ ọ́ ní gbangba. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ó ti yí padà.

Ẹ̀kẹta: ẹ sọ ìtàn tuntun, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ òtítọ́. Bí ọmọ ẹnì kan bá ṣàìsàn, tí ẹgbẹ́ yá a ní owó, tí ó sì san án padà, ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé. Bí irú rẹ̀ kò bá tíì ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ rere náà ná. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀kẹrin: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ ọjọ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ẹ rí kọ́. Ẹnu a máa fi kún un, a sì máa yọ kúrò. Ìwé kì í gbàgbé.

Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ bi ara yín léèrè: ìtàn wo ni wọ́n ń sọ nípa ẹgbẹ́ wa? Ṣé òun ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá?