Ológbò Tí A Fẹ́ Gba Ẹ̀jẹ̀ Lára Rẹ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ológbò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ó ní, "Dókítà, wọ́n á ní ìwọ náà ti wà nínú ẹgbẹ́ o." Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìwòsàn ni mò ń wí.

Ológbò tí mọ́tò gbá lè nílò ẹ̀jẹ̀ ológbò mìíràn kó tó yè. A, B àti AB ni oríṣi ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sì sí èyí tó bá gbogbo wọn mu. Bí ẹ bá fa A sí ológbò B lára, díẹ̀ pàápàá lè pa á, ìbáà jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣáájú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ayé ń rò. Ti èyí tó ń fún un ni mo bá wá ní tèmi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Nǹkan bíi mílílítà 60 ẹ̀jẹ̀ ló wà fún kílò kan ara ológbò. Oníkílò 5, tó ti jẹ́ géńdé láàárín wọn, ní nǹkan bíi 300. Báàgì kan ṣoṣo tí èèyàn ń fi sílẹ̀ nílé ìwòsàn ń gbà tó 450! Mílílítà 10 sí 12 fún kílò kan ni a sábà máa ń gbà, ìyẹn 50 sí 60 lára oníkílò 5 yẹn. Lójú wa, kò lè kún ife tíì. Lára tirẹ̀, ó tó ìdá kan nínú mẹ́fà, ó lè tó ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ara bá le, ó máa ń fara dà á.

Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Oorun ni. Èèyàn á na apá, á máa tẹ fóònù rẹ̀. Ti ológbò, ọrùn ni a ó fá, iṣan ibẹ̀ ni a ó gún, ó sì gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún ọ̀pọ̀ wọn ní oògùn amúnisùn. Púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lásìkò tí a tún ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde. Ọkàn tó ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Àìsàn ọkàn a máa lúgọ sára ológbò. Ògiri ọkàn á máa nípọn, àyè inú rẹ̀ á máa há, ológbò á ṣì máa jẹun, á máa fò gun àjà. Àwọn oníwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ológbò 780 tó jọ pé ara wọn dá wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé nǹkan bíi 15 nínú 100 ló ní in. Fífetí sí àyà kò tó: ọkàn aláìsàn lè dákẹ́, èyí tó dá ṣáká sì lè máa pariwo. Skáànì ló ń tú àṣírí. Owó rẹ̀ kò kéré, mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí a lè fi dípò rẹ̀.

A tún ń wá kòkòrò àrùn inú ẹ̀jẹ̀, a sì fẹ́ràn ológbò tí kì í jáde nílé. Ẹ wo tiwa níhìn-ín, tó ń sùn sórí òrùlé onílé kejì! Púpọ̀ wọn kò ní yege.

Ẹni tó ni ín ló ń fọwọ́ sí ìwé. Ológbò kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Bó bá ti ń jà, tó ń yọ èékánná nígbà tí a fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi oògùn kún oògùn. Ẹ kó o padà sínú àgò rẹ̀, kó máa lọ sílé.