Yíyan Pátákó Ìdánwò fún Ọpọlọ Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì. Ẹni tí ó bá mọ̀ mí lè máa bèèrè pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ wáyà àti bátìrì. Kétu ní ìlú Èkó ni mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ omi ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ wáyà.

Àwa tí a ń gbé ní Kòsọ́fẹ́ mọ Odò Ògùn dáadáa. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Mile 12 àti Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú kọjá kí ó tó wọ inú ọ̀sà. Lókè odò náà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ìsédò Ọyán wà, èyí tí a ṣí ní ọdún 1983. Bí òjò bá pọ̀ jù, wọ́n ní láti tú nínú omi ibẹ̀ sílẹ̀, àwa tí a wà nísàlẹ̀ ni omi náà yóò sì wá bá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ó di dandan fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ajégúnlẹ̀ láti fi ilé wọn sílẹ̀ fún omi.

Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ládùúgbò wa fi pinnu láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa wọn gíga omi, tí yóò sì kígbe bí omi bá ga ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà yóò máa sọ ní èdè Yorùbá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, àríyànjiyàn ni mo bá. Ọ̀kan ní pátákó tí ó lágbára jù lọ ni kí wọ́n rà. Èkejì ní kí wọ́n má ra pátákó kankan, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn to gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sétí odò lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọpọlọ ẹ̀rọ tí mo ń wí ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní máíkírókọńtírólà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni, tí gbogbo ara rẹ̀ lè má ju èékánná lọ. Àṣẹ tí ènìyàn bá kọ sí inú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní kóòdù, ni yóò máa tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ọpọlọ nìkan kò lè dá ṣe nǹkan. Ó ń fẹ́ iná tí ó ṣe déédéé, ó ń fẹ́ ibi tí a ó ti so wáyà mọ́ ọn, ó sì ń fẹ́ ọ̀nà tí àṣẹ yóò gbà ti inú kọ̀ǹpútà wá bá a. Pátákó tí a to gbogbo nǹkan wọ̀nyí sí ni mo pè ní pátákó ìdánwò, nítorí pé orí rẹ̀ ni a ti ń dán àṣẹ wò kí a tó gbé e síṣẹ́.

Kí ni ó yẹ kí a fi yan irú pátákó bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé èyí tí àṣìṣe kò wọ́n lórí rẹ̀ ni ó dára jù. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ra pátákó olówó ńlá. Olùkọ́ tí wọ́n fi sídìí rẹ̀ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí ẹ̀rù pé àwọn ọmọ yóò bà á jẹ́. Ọdún méjì kọjá. Lóòótọ́, kò sí ọmọ tí ó bà á jẹ́. Kò sì sí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ wo pátákó Arduino Uno, tí ó jáde ní ọdún 2010. ATmega328P ni ọpọlọ rẹ̀. Kílóbáìtì 32 péré ni àyè tí ó ní fún àṣẹ, kílóbáìtì 2 sì ni àyè tí ó fi ń ronú. Lójú ayé òde òní, èyí kéré. Ṣùgbọ́n lórí irú èyí tí ọpọlọ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ gígùn 28, ńṣe ni a kàn ki ọpọlọ náà bọ ihò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣèèṣì jó o, a ó yọ ọ́, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Raspberry Pi Pico, tí ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021 ní iye owó dọ́là 4, ní kílóbáìtì 264 láti fi ronú. ESP32 ní tirẹ̀ lè fi Wi-Fi ránṣẹ́ láìsí wáyà.

Ṣé kí a kúkú mú èyí tí ó lágbára jù? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí pátákó náà yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ohun èlò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń wọn omi ni HC-SR04. Ó ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ sí ojú omi, ọpọlọ ẹ̀rọ a sì ka àkókò tí ìró náà fi lọ tí ó fi bọ̀. Nínú afẹ́fẹ́, ìró ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àkókò tí ó bá lò ni a fi ń mọ bí omi ti jìnnà sí. Fóòtì 5 ni ohun èlò yìí fi ń dáhùn. Fóòtì 5 náà ni Uno fi ń gbọ́. Ṣùgbọ́n fóòtì 3.3 ni ti Pico àti ESP32. Bí a bá so wọ́n pọ̀ láìfi resísítọ̀ dín iná náà kù, a lè pa ọpọlọ wọn. Nítorí náà, Uno ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé inú ilé-ẹ̀kọ́ ni Arduino ti wá. Hernando Barragán, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Kòlóńbíà kan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ó pè ní Wiring ní ọdún 2003 ní ìlú Ivrea ní Ítálì. Orí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí ni Massimo Banzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Arduino kà ní ọdún 2005, kí ó má baà wọ́n jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà rẹ̀ tí kò wọ́n fi pọ̀ lọ́jà.

Ẹni tí ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn to pátákó kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Bí pátákó tí o tò bá dákẹ́, o kò ní mọ̀ bóyá àṣẹ ni kò pé tàbí wáyà ni kò kàn. Kí àṣẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí èyí tí a rà. Lẹ́yìn náà, kí a yọ ọpọlọ náà, kí a gún un mọ́ pátákó oníhò tí kò nílò òjé. Kírísítálì mẹ́gáhááàtì 16 yóò wà ní ẹsẹ̀ 9 àti 10, pẹ̀lú kapásítọ̀ kékeré méjì tí yóò ti ibẹ̀ dé ilẹ̀ iná. Resísítọ̀ kílò-óòmù 10 yóò so ẹsẹ̀ 1 mọ́ fóòtì 5. Iná yóò wọ ẹsẹ̀ 7 àti 20, ẹsẹ̀ 8 àti 22 yóò sì jẹ́ ilẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti to èyí tán kì í bẹ̀rù inú ẹ̀rọ mọ́. Ẹ sì kíyè sí wáyà tí ẹ fi ń so pátákó mọ́ kọ̀ǹpútà: àwọn wáyà fóònù kan wà tí iná nìkan ni wọ́n ń gbé, wọn kì í gbé ọ̀rọ̀.

Ó ku ẹni tí ó fẹ́ lọ sétí odò. Òun ni mo bá jiyàn jù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. A gbé dúrọ́ọ̀mù omi kan sẹ́yìn ilé, a so ohun èlò náà sókè rẹ̀, a sì fi gílóòbù pupa kékeré kan dípò fèrè ìkìlọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ewé kan já bọ́ sójú omi, omi mì, gílóòbù tàn. Ẹ̀rọ tí ó bá parọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kẹta kò sí ẹni tí yóò dìde fún un. Wọ́n tún àṣẹ kọ kí ó máa wọn omi lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ó sì mú ìwọ̀n tí ó wà láàárín.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ti ń bu omi kún dúrọ́ọ̀mù, iná ìjọba lọ, bí a ti mọ̀ ọ́n ní Kétu. Nígbà tí iná dé, omi ti kún dé ẹnu, ṣùgbọ́n gílóòbù kò tàn. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Wọ́n ti kọ ọ́ sínú àṣẹ pé ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ bá rí nígbà tí ó bá jí ni kí ó kà sí omi tí kò léwu. Ẹ̀rọ jí sínú àkúnya, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ti rí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé etí odò ni, àwọn ènìyàn ì bá sùn lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: inú ATmega328P, àyè kílóbáìtì 1 kan wà tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n náà sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n sì fi bátìrì gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí mo bẹ̀ yín nìyí. Ẹ ra èyí tí apá yín ká, kí ẹ sì gbé e lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo àṣìṣe wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ já iná mọ́ ẹ̀rọ lójú lójijì, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá ṣe, mo kọ gbólóhùn gígùn kan tí ó dùn létí. Ọmọbìnrin kan ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹni tí ó ń sùn kò ní gbọ́ ọ parí.” A gé e kù sí: “Omi dé! Ẹ jáde!” Èmi pẹ̀lú ti ṣe àṣìṣe tèmi nídìí dúrọ́ọ̀mù náà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.