Ọlọ́ṣà àti Ìsáǹsá Lábẹ́ Olúmọ

Sarah Tucker tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1853 lórí Abẹ́òkúta, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ Ọdún Líṣàbi tí àwọn Ẹ̀gbá ń ṣe: pé kí àwọn Ẹ̀gbá tó sá dé ihò abẹ́ àpáta Olúmọ, lápá ìlà-oòrùn Odò Ògùn, àwọn ọlọ́ṣà ló ti ń fi ibẹ̀ ṣe ibùba. Ní tèmi, ó yẹ ká gba ọ̀rọ̀ náà, ká má sì dúró síbẹ̀. Ogun kan náà ló bí ọlọ́ṣà àti ìsáǹsá. Ilẹ̀ oko àti aṣáájú ni ọ̀kan rí tí èkejì ò rí.

Àwọn kan á ní inú lẹ́tà àwọn òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ni Tucker ti kó ìtàn rẹ̀ jọ, àti pé òkùnkùn ló ń wá kó lè fi ìmọ́lẹ̀ ìhìnrere hàn. Ìfura yẹn tọ́. Àkọlé ìwé náà gan-an, oòrùn tó ń yọ ló ń sọ. Àmọ́ Samuel Johnson, ọmọ Yorùbá, tó parí ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1897, sọ pé abúlé oko ará Ìtòkò kan ni ibẹ̀, níbi tí àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ láti Òkè Ògùn ti máa ń sinmi. Ibi tí ẹrù bá ń gbà kọjá, ọlọ́ṣà kì í wọ́n níbẹ̀, pàápàá bí àpáta bá wà tí èèyàn lè gorí rẹ̀ wo ọ̀nà. Àwọn mìíràn á dárúkọ Adágbá, ọdẹ tí ìtàn Ẹ̀gbá sọ pé ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ṣé igbó tí ọdẹ ń dẹ kò lè gba ọlọ́ṣà ni?

Lẹ́yìn tí ìlú Òwu fọ́, àwọn ọmọ ogun tó fọ́ ọ kọjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n sì ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n sun oko rẹ̀, tí wọ́n kó ará ilé rẹ̀ lẹ́rú, ojú ọ̀nà ló kù fún un. Ní 1830, aṣáájú wọn, Ṣódẹkẹ́, kó àwọn Ẹ̀gbá tó ti wà ní Ìbàdàn wá sí Olúmọ. Wọ́n kó oyè àti Ògbóni wọn dání, ìlú kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ihò náà mọ̀ pé kò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Oko tí wọ́n dá yí i ká ló bọ́ wọn.

Ṣé mo ń gbèjà olè ni? Rárá o. Oníṣòwò tí wọ́n já ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bi wọ́n léèrè ohun tó sọ wọ́n di ọlọ́ṣà. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta náà jáde lọ kó èèyàn, ó sì tà wọ́n lẹ́rú. Nítorí pé ìlú ló ṣe é, ogun la pè é. Lọ́dún 1867, nígbà Ìfọ́lé, ìlú tí àwọn ìsáǹsá tẹ̀ dó yìí lé àwọn Kìrìsìtẹ́nì tirẹ̀ jáde. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èbúté Mẹ́ta, nítòsí wa níhìn-ín ní Yábàá. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fún wọn nílẹ̀, ó la òpópónà fún wọn, wọ́n sì kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni tó ráyè pè wọ́n ní ọmọ ìta.