Òṣìṣẹ́ Ọ̀sán Tí Ó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ẹnjiníà Ní Alẹ́

Olùkọ́ yín ni ó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àti bí mo ṣe kọ́ ọ. Síbílì ẹnjiníà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Òun ni iṣẹ́ àwọn tí ń ṣètò títì, afárá, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gọ́tà ńláńlá àti omi ẹ̀rọ. Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tí ń tún mọ́tò ṣe o! Ìyá mi pàápàá, títí di òní, a máa ní kí n wá wo mọ́tò àbúrò òun. Iṣẹ́ yìí náà ni Herbert Macaulay lọ kọ́ ní Plymouth, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó di olóṣèlú tí gbogbo wa mọ̀.

Nínú yín níhìn-ín mo rí bírìkìlà, mo rí kápẹ́ńtà, mo rí àwọn tí ń tẹ irin, mo sì rí àwọn ìyá tí ń ru iyanrìn àti omi níbi iṣẹ́. Ilé tí ẹnjiníà yà sórí ìwé, ẹ̀yin ni ẹ ń fi ọwọ́ kọ́ ọ. Bírìkìlà ni èmi náà. Lálẹ́ ni mo kọ́ ìyókù.

Ẹnìkan lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà yìí kẹ̀?” Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún yín. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1781. George Stephenson ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa ko iná sí ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, owó rẹ̀ kò sì tó rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Títí George fi pé ọmọ ọdún 18, kò mọ ìwé kà. Òun náà ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Bí ó bá ṣíwọ́ tán, a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, owó ara rẹ̀ ni ó sì fi ń san án. Ó kọ́ ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó wá darí iṣẹ́ ojú irin láti Liverpool dé Manchester, tí wọ́n ṣí ní 1830. Robert ọmọ rẹ̀ sì di ẹni tí ń kọ́ afárá ńláńlá.

Láyé Stephenson, wọn kò bi í ní ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Láyé tiwa, wọn yóò bi yín. Nítorí náà ọ̀nà gùn, n kò ní tàn yín. Lẹ́yìn kíláàsì yìí, ẹ óò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísírì kò gbọdọ̀ yẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè wọ ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, èyí tí a ń pè ní pólì. Dípólómà àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ tí ń lọ lọ́sàn-án ń fi ọdún 2 gbà, ọdún 3 ni ti alẹ́. Ti dìgírì ní yunifásítì, ọdún 5 ni ti ọ̀sán. Ti alẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe gbogbo yunifásítì ni ó ń ṣe é. Ọdún mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà mí, láti dípólómà dé dìgírì.

Ẹ má sì ṣe san kọ́bọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kankan kí ẹ tó wádìí. NUC ni ó ń bójú tó yunifásítì, NBTE ni ó ń bójú tó pólì, COREN tí òfin dá sílẹ̀ ní 1970 ni ó sì ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fi ọwọ́ sí síbílì ẹnjiníà ní ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó lo ọdún mẹ́rin níbi tí wọn kò fọwọ́ sí. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpótí di òní olónìí.

Kí ni mo wá rí lálẹ́ tí ó tó gbogbo wàhálà yìí? Ẹ wo fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì kékeré yìí. Mo fi báírò fa ìlà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì, mo wá tẹ àárín rẹ̀. Ẹ wo àwọn ìlà náà! Lókè, wọ́n sún mọ́ ara wọn. Nísàlẹ̀, wọ́n ya kúrò lára wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bíìmù ń ṣe, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Kọnkéré lágbára bí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, yóò ya. Irin ni kì í jẹ́ kí ó ya. Ìdí nìyí tí irin tí ó pọ̀ jù fi ń wà nísàlẹ̀ bíìmù tí ó dúró lórí ògiri méjì.

Ó dára. Bálíkónì ńkọ́, tí ó yọ jáde, tí kò sí ògiri lábẹ́ etí rẹ̀? Mo di fóòmù yìí mú ní apá kan, mo tẹ apá kejì. Òkè ni ó ya báyìí! Nítorí náà, òkè ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi rí i bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe lọ́jọ́ tí a bá ń da dẹ́kìn? Páànù kọnkéré wà lórí, a ń rìn lórí irin, irin yẹn á rì lọ sí ìsàlẹ̀. Bí kọnkéré bá ti bò ó, ta ni yóò tún rí i? Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ pákó ni ó lè là lẹ́bàá ògiri. Ẹni tí ó tẹ irin mọ́lẹ̀ kò mọ̀ pé òun ṣe ohunkóhun. Ohun tí ó yẹ ni kí a fi irin ṣe àga kéékèèké sábẹ́ rẹ̀, kí a sì tẹ́ pákó tí a óò máa gbà kọjá.

Omi náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ń po kọnkéré mọ̀ pé bí omi bá pọ̀, dídà rẹ̀ a rọrùn. Omi tí ó pọ̀ jù yẹn yóò gbẹ, yóò sì fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nínú kọnkéré. Lálẹ́ ni mo ti rí ẹ̀rọ tí ó ń fọ́ kọnkéré tí ó ti pé ọjọ́ 28, tí ó sì ń sọ iye ẹrù tí ó rù kí ó tó fọ́. Èyí tí a bu omi lé kọ́kọ́ fọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ó pa ju ènìyàn 40 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lára wọn. Bí ọ̀gá bá ní, “Ẹ bu omi sí i, ilẹ̀ ń ṣú,” ẹni tí kò mọ ìdí kò lè bá a jiyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìdílé, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé. Mò ń ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin, kíláàsì a bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún, n kì í sì í délé kí aago mẹ́wàá ó tó lù. Àwọn ọmọ ti sùn. Ìyàwó mi ni ó ń dá nìkan gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ọjọ́ Sátidé tí ẹbí ń ṣe òkú, èmi ń ṣe ìdánwò. Wọ́n ní mo ti ń gbéra ga. Obìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ó bímọ ní ọdún kejì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń gbé ọmọ jókòó níta títí a ó fi jáde. Kí n má purọ́, ó mọ ìṣirò ju èmi lọ.

Olùkọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni ẹ óò bẹ̀rẹ̀ ìpín. Ẹ fojú sí i dáadáa, nítorí páànù sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4, ìpín náà ni. Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìbéèrè yín. Fóòmù yìí rèé lórí tábìlì. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó wá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.