Àgbà Tí Ó Bá Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Ẹnjiníà
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kan wẹ́dà tí ó ti ń súnmọ́ ogójì ọdún. Ó kan mẹkáníìkì tí ó ti tú ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀. Ó kan obìnrin tí ó ní ẹ̀rọ ìlọgàrí lẹ́bàá ọjà, ó sì kan àgbẹ̀ tí ó jáde ìwé mẹ́wàá ṣùgbọ́n tí owó kò jẹ́ kí ó lọ síwájú. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó ń fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n ń bi wá ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: "Ǹjẹ́ ó ṣì ṣeé ṣe fún mi láti padà sí ilé-ẹ̀kọ́, kí n kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, láìjẹ́ pé mo ta ilé mi?" Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe, bí olúwa rẹ̀ bá gba ọ̀nà tí ó súnmọ́ ilé, tí kò sì pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé ìtìjú jáde kúrò láàárín wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí ní 1909, ti ṣe akọ̀wé rí, ó ti ra kòkó, ó ti fi ọkọ̀ ṣòwò, ó sì ti di aláya àti ọlọ́mọ, kí ó tó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà náà, nílé níbí ni ó sì jókòó sí tí ó fi ka ìwé náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó wọ ọkọ̀ lọ kọ́ òfin, ó sì di lọ́yà ní 1946. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Herbert Macaulay, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Láti 1881 ni ó ti ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ òde ní Èkó, kí ìjọba tó rán an lọ sí ìlú Plymouth ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó padà dé ní 1893. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí a ń pè ní baba òṣèlú wa, ẹnjiníà ni, orí iṣẹ́ ni ó sì ti dìde lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àjọ JAMB náà fi iye ọdún tí ó kéré jù lélẹ̀ fún ẹni tí ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kò fi èyí tí ó pọ̀ jù lélẹ̀.

Ohun kejì tí ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wa ni ìṣirò. Wọ́n á ní, "Ọpọlọ mi ti le." Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Obìnrin ọlọ́gàrí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan mọ̀ pé púlì kékeré ni à ń fi sí ara ẹ́ńjìnnì, tí à ń fi ńlá sí ara ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí púlì rẹ̀ jẹ́ ìńṣì 4, tí ti ẹ̀rọ ìlọgàrí sì jẹ́ ìńṣì 12, ìgbà 500 ni ẹ̀rọ náà yóò máa yí. Bí ó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́líìtì yóò máa já, ọ̀rọ̀ a sì di ìjà pẹ̀lú ẹni tí ó tà á. Ẹni tí ó lè ro èyí lórí, tí ó sì ń rò ó lójoojúmọ́, ti wà nínú àlgíbírà tipẹ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n a kò ní tàn yín. Ibi tí ojú mọ dé, ó ní ààlà. Táńkì tí ó gba lítà 2,000, omi inú rẹ̀ nìkan wúwo tó tọ́ọ̀nù 2. Wẹ́dà wa a jó irin mẹ́rin mọ́ra, a gbé e nàró, a gbé táńkì lé e, a sì gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àdúrà náà ń gbà. Ní ọjọ́ tí kò bá gbà, àwọn ọmọ tí ń pọnmi lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń wó lé lórí. Kí irin yẹn nípọn tó, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn tó nínú ilẹ̀ alámọ̀, ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ti wúlò. Nítorí ìyẹn ni a fi ń sọ pé kì í ṣe ọ̀ràn oyè lásán. Ní ti àwọn ọmọ ọdún 18 tí yóò jókòó ti àgbà nínú kíláàsì, wọn yóò yára jù ú lọ lórí ìwé, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ta ni nínú wọn tí ó lè gbọ́ ohùn mọ́tò iná kí ó mọ̀ pé ó fẹ́ jóná?

Ní báyìí, ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá ní ìwé-ẹ̀rí WAEC, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn, kí ó wá a jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, nítorí kò kú. Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó kọ́kọ́ wò níbẹ̀. Èyí tí kò bá dára, a lè tún un ṣe. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tún ní ọ̀nà tiwọn lọ́dọ̀ àjọ NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992 fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yàgò fún àwọn ilé ìdánwò tí wọ́n ti ń fi owó ra èsì fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi owó ra Físíìsì yóò dé iwájú olùkọ́, yóò sì dúró bí igi.

Láti ibẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ pólì ni a gbà yín nímọ̀ràn sí. Yábàá wà láti 1947, Ìbàdàn láti 1970, Ìláròó láti 1979. Adó-Èkìtì, Ọ̀wọ̀ àti Ẹdẹ náà ń bẹ. Ọdún 2 ni ẹni tí ń lọ ní ọ̀sán fi ń gba ND. Ẹni tí ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀ a máa lo ọdún 3. Kí a má ṣe fojú kéré ọdún kẹta yẹn. Nínú ìnáwó àgbà tí ń kàwé, kì í ṣe owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ó tóbi jù, bí kò ṣe owó tí kò wọlé mọ́ nítorí pé a ti ìsọ̀ pa. Owó kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sábà máa ń ju ti ọ̀sán lọ, síbẹ̀ ìsọ̀ wà ní ṣíṣí, ọmọ ń jẹun, àgbà kò sì háyà yàrá ní ìlú onílùú.

Nígbà tí ND bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ó mí. Kí ó fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́, kí ó tó lọ gba HND ní ọdún 2 tí a ń fi kà á ní ọ̀sán, tàbí kí ó gba ọ̀nà tààrà wọ yunifásítì ní ọdún kejì, bí èsì rẹ̀ bá dára. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àjọ COREN, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1970, kì í ṣe ẹnjiníà nìkan ni ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀: ó ní ìwé fún oníṣẹ́ ọwọ́, fún tẹkiníṣàn àti fún tẹkinọ́lọ́jísìtì, nítorí náà ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó ní èrè tirẹ̀, kò di ìgbà tí a bá dé òkè pátápátá.

Ní ti owó, ẹ má ṣe fi oko kòkó dógò. Gbogbo wa ni a mọ àwọn baba tí ó fi oko dúró nítorí ìwé ọmọ, tí ẹni tí ó yá wọn lówó sì ń kó kòkó náà lọ́dọọdún títí tí igi fi gbó. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ ti ń fi owó pamọ́ sí. Kí àgbẹ̀ gbìyànjú láti san owó ńlá rẹ̀ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá nígbà tí kòkó bá jáde, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ akápò ilé-ẹ̀kọ́ bóyá òun lè san án ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tún wà, èyí tí a ń pè ní NELFUND, tí a fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024. Kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà. Òfin ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí san án padà ní ọdún 2 lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kọjá ọdún 30 nígbà tí ó jáde, a kì í pè é sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Nítorí náà kí àgbà béèrè kedere, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, ọjọ́ tí sísan tirẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, kí ó sì béèrè bóyá ẹ̀yáwó náà kan kíláàsì ìrọ̀lẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti ìjọba. Ní oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ wa, ìlú sì ń jẹ èrè rẹ̀ títí di òní. Iyàrá ìkàwé irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣófo láti ọ̀sán títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ni ó dé tí ìjọba ìbílẹ̀ kò fi lè gba olùkọ́ ìṣirò kan àti olùkọ́ Físíìsì kan, kí wọ́n máa kọ́ àwọn àgbà níbẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀? A kò tọrọ oore. Owó orí tí wẹ́dà ń san kò kéré sí ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni táńkì omi tí ó bá wó, ti ìlú ni. Àwọn aṣojú wa ní káńsù ti gbọ́ èyí lẹ́nu wa, a ó sì tún sọ ọ́ fún wọn.

Akọ̀wé ẹ̀ka yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú ìwé kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kíláàsì alẹ́ yìí, kí ó kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti ibi tí ó kàwé dé. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ó mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ àtijọ́ dání, bí eku tilẹ̀ ti jẹ ẹ́ létí.