Ọrùn Wa àti Ewu Tí Ń Bẹ Lójú Ọ̀nà

Ewu ọ̀nà yìí gan-an ni ó mú kí a yan ọrùn láti sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Orí àgbàlagbà wọ̀n tó kílò 4 sí 5. Eegun kéékèèké 7 péré ni ó gbé e dúró. (Iye kan náà ni ó wà lọ́rùn àgùnfọn, bí ọrùn rẹ̀ ti gùn tó yẹn!) Eegun ìhà yí àyà ká bí ọgbà, agbárí sì bo ọpọlọ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn kò ní ọgbà kankan, nítorí pé ó ní láti lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tí ó jẹ́ kí ó rọrùn láti bojú wẹ̀yìn náà ni ó jẹ́ kí ó rọrùn láti farapa. Ibi tóóró yìí ni èémí, oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọpọlọ ń gbà kọjá. Nínú ihò eegun 7 náà ni okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn wà, tí kò nípọn ju ọmọńdinrín ìka lọ. Òun ni ó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí gbogbo ara. Bí ó bá já nísàlẹ̀ ọrùn, ẹsẹ̀ méjèèjì a rọ, ọwọ́ a sì di aláìlágbára. Bí ó bá já lókè, èémí pàápàá lè dá.

Jàǹbá ọkọ̀ àti alùpùpù ni ó ń ṣe ọrùn léṣe jù lọ ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣíṣubú láti orí ọ̀pẹ tàbí igi máńgòrò, ẹrù wúwo tí ó yẹ̀ lórí ẹni, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi orí bẹ́ sínú odò tí omi rẹ̀ ti fà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù ni èyí tí a ń fi ọwọ́ ara wa ṣe. A dé ibi tí ọkọ̀ kan ṣubú lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin kan ń pariwo, ó sì ń ju ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn aláàánú fà á lábíyá jáde, wọ́n ká a sẹ́yìn ọkọ̀ kékeré, orí rẹ̀ sì ń mì lẹngẹlẹngẹ. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ náà kò mira mọ́. Àánú ni wọ́n ṣe o, ìmọ̀ ni kò sí.

Nítorí náà, bí iná tàbí omi kò bá lé wa, kí a má ṣe gbé ẹni tí ó farapa kúrò lójú kan kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tó dé. Nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, kí ó má yí. Kí a má fi ìrọ̀rí sí i lórí, kí a má sì fún un lómi. Bí ó bá ń bì, kí ènìyàn mẹ́rin yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orí àti ara papọ̀, bí ẹni yí ìtì igi. Bí a bá sì gbọ́dọ̀ gbé e, orí pákó gbọọrọ ni kí a tẹ́ ẹ sí, kí a fi aṣọ kíká há orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí ń to eegun kò gbọdọ̀ yí ọrùn náà, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó. Eegun ni ó ń tò, okùn inú rẹ̀ kì í ṣe ohun títò.

A wá ń bẹ ìpàdé yìí pé kí Ẹgbẹ́ kan irú pákó bẹ́ẹ̀ méjì, kí ọ̀kan wà ní ibùdókọ̀, kí èkejì wà ní ilé ìwòsàn wa. Káfíńtà kò wọ́n láàárín wa.